Ọmọ Àgbẹ̀ Tó Wọ Nọ́ńbà 15

Jessy Trémoulière gbá rọ́gbì fún orílẹ̀-èdè Faransé láti ọdún 2011 títí di 2023. Ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1992 ni wọ́n bí i ní Brioude, ìlú kékeré kan lẹ́bàá odò Allier ní ẹkùn Haute-Loire, láàárín gbùngbùn ilẹ̀ Faransé. Àgbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀. Oko wọn wà ní Bournoncle-Saint-Pierre, abúlé kan nítòsí Brioude. Màálù ni wọ́n ń sìn níbẹ̀, òun náà sì ń bá wọn ṣe é, kódà lẹ́yìn tí orúkọ rẹ̀ ti kan káàkiri ayé. Pápá àti oko kò ṣeé yà sọ́tọ̀ nínú ìtàn rẹ̀. Ẹni tó bá sọ ti ọ̀kan tí kò sọ ti èkejì, ààbọ̀ ìtàn ló sọ.

Rọ́gbì kò wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá bíi bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, nítorí náà àlàyé díẹ̀ kò ní pọ̀ jù. Ènìyàn 15 ló máa ń wà nínú ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, 80 ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń gbá a, bọ́ọ̀lù wọn sì rí bí ẹyin. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ jù ú síwájú. Ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ ni kí ó jù ú sí. Ẹni tó bá gbé e lọ́wọ́ nìkan ni wọ́n lè dì mú kí wọ́n sì gbé ṣánlẹ̀. Bí ó bá gbé e kọjá ìlà ìkẹyìn àwọn alátakò tó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìyẹn ni tráì, àmì 5 ni. Lẹ́yìn tráì, ẹnì kan yóò gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó gíga méjì kọjá fún àmì 2 sí i. Pẹ́nátì tó bá wọlé jẹ́ àmì 3.

Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀wù máa ń sọ iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe. Àwọn 1 sí 8 ni àwọn abarapá tó ń forí gbárí níwájú. 9 àti 10 ló ń darí eré. Ẹni tó wọ 15 wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Òun ni ìlẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Bí alátakò bá já gbogbo ìdènà tó kù, òun nìkan ṣoṣo ló kù tí yóò dá a dúró. Bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù sókè fíofío, òun ni yóò dúró sábẹ̀ rẹ̀, tí yóò tẹjú mọ́ òkè, tí yóò sì máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àwọn tó ń sáré bọ̀ wá gbé e ṣubú. Iṣẹ́ sùúrù ni. Iṣẹ́ ojú náà ni, torí ẹni tó dúró lẹ́yìn ló ń rí gbogbo pápá. Ipò yìí ni Trémoulière ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń fi í sí ipò 10 pẹ̀lú.

Kí wọ́n tó bí Trémoulière rárá, ìjọba Faransé kò fi ojú ire wo rọ́gbì obìnrin níbẹ̀rẹ̀. Ọdún 1970 ni àwọn obìnrin náà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Nígbà tó di 1972, Marceau Crespin, ọ̀gá tó wà nídìí eré ìdárayá fún ìjọba, kọ̀wé ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé eré náà léwu fún obìnrin, kí wọ́n má ṣe ràn án lọ́wọ́ rárá. Àwọn obìnrin náà kò tìtorí ìyẹn jókòó sílé. Lábẹ́ ẹgbẹ́ tiwọn ni wọ́n ti ń dá ara wọn gbọ́, tí wọ́n ń wá pápá, tí wọ́n ń wá owó ọkọ̀. Ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún 1982 ni wọ́n gbá eré orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ wọn ní Utrecht ní ilẹ̀ Netherlands, wọ́n sì jẹ ẹ́ ní 4 sí 0. Ọdún 1989 ni àjọ rọ́gbì Faransé tó gbà wọ́n wọlé. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bí Trémoulière. Ilẹ̀kùn tó gbà wọlé, kò tíì pẹ́ tí wọ́n ṣí i.

Kì í ṣe rọ́gbì ni ó kọ́kọ́ gbá. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni, ó sì ṣeé ṣe láti rí ìyẹn nínú bí ó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù títí tó fi fẹ̀yìntì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le, ojú rẹ̀ sì mọ ibi tí bọ́ọ̀lù yóò balẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbá rọ́gbì ni ọwọ́ wọn já fáfá ju ẹsẹ̀ wọn lọ. Tirẹ̀ jẹ́ méjèèjì. Nǹkan bí ọmọ ọdún 16 ni, nígbà tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama iṣẹ́ àgbẹ̀ nítòsí Brioude, ló tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù elẹ́yin yìí. Ilé-ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kọ́ ọ ní iṣẹ́ oko ló sọ ọ́ di eléré. Ìyẹn kò yani lẹ́nu tó bó ṣe lè dà bíi pé ó yani lẹ́nu, nítorí ní ìgbèríko ilẹ̀ Faransé, pàápàá lápá gúúsù àti àárín, eré àwọn àgbẹ̀ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ni rọ́gbì láti ìgbà pípẹ́.

Ẹgbẹ́ tó gbà á ni Romagnat. Ìlú kékeré ni Romagnat, ẹ̀gbẹ́ Clermont-Ferrand ló wà, níbi tí ilé-iṣẹ́ táyà Michelin ti bẹ̀rẹ̀ tó sì fi ṣe ibùjókòó títí dòní. Àwọn ará Michelin náà ló dá ẹgbẹ́ ASM sílẹ̀ ní 1911 fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn, orúkọ ASM yìí sì ni àwọn obìnrin Romagnat ń jẹ́. Láti Brioude dé ibẹ̀ tó nǹkan bí 70 kìlómítà. Ọmọbìnrin tó ti ṣiṣẹ́ lóko láti àárọ̀, tó wọkọ̀ lọ ṣe ìdánrawò lálẹ́, tó tún gbọ́dọ̀ padà sílé, ó yẹ kí a ka ọ̀nà náà mọ́ iṣẹ́ tó ṣe. Ó fi Romagnat sílẹ̀ fún ìgbà kan, ó lọ gbá fún Rennes ní agbègbè Brittany, ṣùgbọ́n ó padà sílé.

Ọdún 2011 ló kọ́kọ́ wọ ẹ̀wù Faransé. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ní 2014, ó wà nínú ikọ̀ tó jẹ gbogbo eré márààrún nínú Ìdíje Orílẹ̀-èdè Mẹ́fà; irú ìṣẹ́gun bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Grand Slam. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan náà, Faransé gbàlejò Ife Àgbáyé àwọn obìnrin. Ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, nínú pápá Jean-Bouin ní Paris, Kánádà fi 18 sí 16 gbá wọn jáde. Àmì méjì péré ni. Wọ́n borí Ireland fún ipò kẹta, àwọn ọmọbìnrin Gẹ̀ẹ́sì ló sì gbé ife lọ, Maggie Alphonsi, tí ìyá rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, wà lára wọn. Ọ̀rọ̀ ipò kẹta yìí yóò tún padà wá, nítorí ó di nǹkan tó ń tẹ̀lé Faransé káàkiri.

Láàárín àkókò yẹn, rọ́gbì ẹlẹ́ni méje wọ inú Òlíḿpíìkì, Faransé sì nílò àwọn tó lè sáré. Nínú irú rọ́gbì yìí, ènìyàn méje ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń sáré lórí pápá tí 15 ń lò, fún ìṣẹ́jú méje ní apá kọ̀ọ̀kan. Àlàfo tó wà láàárín wọn pọ̀, kò sì sí ibi tí ènìyàn lè fara pamọ́ sí. Trémoulière wà nínú ikọ̀ tó lọ sí Rio de Janeiro ní 2016, ìgbà àkọ́kọ́ tí obìnrin yóò gbá rọ́gbì ní Òlíḿpíìkì. Kánádà tún dá wọn dúró ní ìpele tó ṣáájú ìyẹn tó kángun sí àṣekágbá, 15 sí 5, wọ́n sì parí sí ipò kẹfà.

Ọdún 2017 ló le jù. Ìfarapa kò jẹ́ kó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Ife Àgbáyé ní ilẹ̀ Ireland. Wọ́n tún ṣe ipò kẹta láìsí i. Fún ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 25, tó sì mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ife yìí máa ń wáyé, ìpàdánù yìí kì í ṣe kékeré. Ara ni olú-owó eléré. Ti obìnrin tó ń gbá rọ́gbì nígbà náà tilẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ara kan náà tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù ló fi ń ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀.

Ọdún 2018 ló wá dé. Faransé bẹ̀rẹ̀ Ìdíje Orílẹ̀-èdè Mẹ́fà ní Toulouse, wọ́n fi 24 sí 0 borí Ireland. Wọ́n lọ sí Scotland, wọ́n jẹ ẹ́ ní 26 sí 3. Ítálì wá sí Bastia ní erékùṣù Corsica, wọ́n fi 57 sí 0 borí rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kàn, àwọn tó jẹ gbogbo eré ní ọdún tó ṣáájú, àwọn tí ètò àti owó wọn pọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ ní Yúróòpù.

Ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ni wọ́n pàdé nínú pápá Stade des Alpes ní Grenoble. Òǹwòran 17,440 ló jókòó, iye tí Ìdíje Orílẹ̀-èdè Mẹ́fà ti àwọn obìnrin kò tíì rí rí títí di ọjọ́ náà. Eré náà kò fì sí ẹ̀gbẹ́ kankan. Bí Faransé ti ń sún mọ́ iwájú ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fà wọ́n padà. Nígbà tó ku díẹ̀ kí 80 ìṣẹ́jú pé, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà lókè pẹ̀lú 17 sí 13. Pẹ́nátì kò lè ran Faransé lọ́wọ́ mọ́, torí àmì mẹ́ta kò tó. Tráì nìkan ló kù. Ní ìṣẹ́jú 79, ẹni tó wà lẹ́yìn gbogbo wọn ló wá síwájú gbogbo wọn: Trémoulière gba bọ́ọ̀lù, ó já wọlé, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. 18 sí 17.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ìṣẹ́jú yìí. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ nípa ìgboyà, ìgboyà sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹni tó wọ 15 ni láti mọ ìgbà tó yẹ kó fi ẹ̀yìn sílẹ̀. Bí ó bá yára jù, ó fi ilé sílẹ̀ láìní olùṣọ́. Bí ó bá pẹ́, àyè tó ṣí ti dí. Gbogbo ẹlòmíràn lórí pápá ló ní ibi pàtó tí wọ́n gbọ́dọ̀ wà nígbà tí àwọn iwájú bá ń ti ara wọn. Òun nìkan ni kò sí ẹni tó ń retí ibi tí yóò gbà yọ. Nítorí náà, nígbà tó bá dara pọ̀ mọ́ ìlà àwọn tó ń kọlù, ikọ̀ rẹ̀ á ní ẹnì kan lé lórí iye tí alátakò ti kà. Irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 79, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wúwo, kò wá láti inú ìgboyà nìkan. Wíwo pápá láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n lọ sí Colwyn Bay, wọ́n fi 38 sí 3 borí Wales, Grand Slam sì di tiwọn. Ní oṣù Kọkànlá, New Zealand wá sí Faransé. Black Ferns ni wọ́n ń pe ikọ̀ wọn, ife àgbáyé márùn-ún ló wà lọ́wọ́ wọn nígbà náà, Faransé kò sì tíì borí wọn rí láyé. Wọ́n kọ́kọ́ pàdé ní Toulon, New Zealand jẹ ẹ́ ní 14 sí 0. Ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ 17, wọ́n padà sí pápá Grenoble kan náà. Faransé 30, New Zealand 27. Pápá kan ṣoṣo, láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, ló rí ìṣẹ́gun méjèèjì.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá náà, ní Monte Carlo, World Rugby, àjọ tó ń darí rọ́gbì lágbàáyé, pe Trémoulière ní agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù lọ lágbàáyé fún ọdún 2018. Obìnrin Faransé kankan kò tíì gba àmì-ẹ̀yẹ náà rí. Nínú àwọn márùn-ún tí wọ́n yàn jáde kí wọ́n tó mú ẹnì kan, ọmọ Faransé ni mẹ́rin: òun, Pauline Bourdon, Gaëlle Hermet tó jẹ́ balógun ikọ̀, àti Safi N'Diaye. Ìyẹn tó láti fi mọ̀ pé kì í ṣe ẹnì kan ló dá ọdún yẹn ṣe.

Ní oṣù Kọkànlá yẹn kan náà ni àjọ rọ́gbì Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn obìnrin ikọ̀ ẹlẹ́ni 15 ní àdéhùn iṣẹ́ tó lówó nínú. Obìnrin 24 ló kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kíkún. Ààbọ̀ ni, kí ìyókù àkókò lè wà fún ilé-ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ mìíràn. Ẹ jẹ́ kí èyí yé wa dáadáa: àwọn tó borí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú oṣù Kẹta ṣe é kí ètò yìí tó wà. Ẹni tó jẹ́ tíṣà láàárín wọn ní kíláàsì tó ń dúró dè é ní ọjọ́ Ajé. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ní aláìsàn. Trémoulière ní màálù.

Màálù kò mọ ọjọ́ eré. Ẹni tó bá ti sin ẹran rí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: oúnjẹ wọn lówùúrọ̀, oúnjẹ wọn nírọ̀lẹ́, omi, ibùsùn, abo tó fẹ́ bí lóru, èyí tí ẹsẹ̀ ń dùn. Kò sí ọjọ́ Àìkú níbẹ̀. Àwọn oníròyìn Faransé fẹ́ràn àwòrán yìí gan-an, ti agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ láyé tó wọ bàtà rọ́bà láàárín màálù, ó sì rọrùn láti sọ ọ́ di ìtàn dídùn. Ó yẹ kí a ṣọ́ra pẹ̀lú rẹ̀. Bí ọkùnrin tó dára jù lọ lágbàáyé nínú rọ́gbì bá gbọ́dọ̀ jí lọ fún ẹran lóúnjẹ kó tó lọ ṣe ìdánrawò, kò sí ẹni tí yóò pè é ní ìtàn dídùn. Wọn á béèrè ibi tí owó wà. Ní Monte Carlo lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Johnny Sexton ti Ireland ló gba ti àwọn ọkùnrin, rọ́gbì sì ni iṣẹ́ tó fi ń jẹun nígbà náà.

Síbẹ̀, kò tọ́ kí a ka oko náà sí ìyà. Trémoulière fúnra rẹ̀ kò fi í ṣe ohun ìtìjú tàbí ohun àfidípò. Iṣẹ́ tó kọ́ nílé-ẹ̀kọ́ ni, ogún ẹbí rẹ̀ ni, iṣẹ́ tó wù ú ni. Àdéhùn ààbọ̀ ọjọ́ yẹn bá irú ayé tó ń gbé mu ju bó ṣe bá ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ mu lọ. Ohun tó ń dunni ni pé fún àwọn obìnrin tó ṣáájú rẹ̀, kò sí yíyàn kankan níbẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú iṣẹ́ méjì, ọ̀tọ̀ sì ni kí ọ̀kan nínú méjèèjì máà sanwó rárá.

Ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni àmì-ẹ̀yẹ tó tóbi ju ti 2018 dé. Àrùn Kòrónà ti da ètò eré ọdún náà rú, World Rugby kò sì lè yan ẹni tó dára jù lọ lọ́dún kan tí eré kò fi bẹ́ẹ̀ sí. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n wá wò lápapọ̀. Nínú rọ́gbì ẹlẹ́ni 15, wọ́n mú Alun Wyn Jones ti Wales láàárín ọkùnrin, wọ́n sì mú Jessy Trémoulière láàárín obìnrin. Àwọn kan lè jiyàn pé àwọn obìnrin New Zealand àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba Ife Àgbáyé láàárín ọdún wọ̀nyẹn tọ́ sí i jù, àríyànjiyàn náà kò sì burú. Ṣùgbọ́n ó ṣòro láti rí ẹlòmíràn tó lè gbá bọ́ọ̀lù, tó lè sáré pẹ̀lú rẹ̀, tó lè dúró sábẹ̀ rẹ̀, tó sì ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìwọ̀n kan náà.

Ní 2021, Romagnat gba ife ilẹ̀ Faransé, wọ́n borí Blagnac ní àṣekágbá. Fún ẹgbẹ́ ìlú kékeré tó ń dojú kọ àwọn ẹgbẹ́ agbègbè Toulouse àti Montpellier, ohun ńlá ni. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún náà, New Zealand tún wá, Faransé sì lù wọ́n lẹ́ẹ̀mejì: 38 sí 13 ní Pau, 29 sí 7 ní Castres. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìgbà ti Faransé ti dé.

Ìgbà náà kò dé. Ife Àgbáyé tí àrùn sún síwájú wáyé ní New Zealand ní 2022, Trémoulière sì wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ. Ní Eden Park ní Auckland, ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, àwọn onílé wà lókè pẹ̀lú 25 sí 24 nígbà tí Faransé rí pẹ́nátì ní ìṣẹ́jú ìkẹyìn. Caroline Drouin gbá a. Bọ́ọ̀lù náà yà gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan wọ́n fi 36 sí 0 borí Kánádà, wọ́n sì gba ipò kẹta, ohun tí wọ́n gbà ní 2014, tí wọ́n gbà ní 2017. Ẹni tí wọ́n pè ní ògbóǹtarìgì ọdún mẹ́wàá kò gbá àṣekágbá Ife Àgbáyé rí.

Ó pinnu pé Ìdíje Orílẹ̀-èdè Mẹ́fà ti 2023 ni yóò jẹ́ ìkẹyìn òun pẹ̀lú Faransé. Ọgbọ̀n ọdún ni. Wọ́n jẹ mẹ́rin àkọ́kọ́, ó sì ku ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Twickenham, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin. Òǹwòran 58,498 ló wá, iye tí eré rọ́gbì obìnrin kankan kò tíì kó jọ títí di ọjọ́ náà. Ìlọ́po mẹ́ta àwọn tó wà ní Grenoble ni, ó tún lé. Nígbà tí ìdajì eré parí, 33 sí 0 ló wà lára pátákó, Faransé kò rí ẹyọ kan. Ẹni tó bá pa tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ nígbà náà kò rí bí wọ́n ṣe fi ìdajì kejì gba àmì 33, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gba 5 péré. 38 sí 33 ló parí sí. Bí eré náà bá gùn sí i ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sí ẹni tó lè búra ibi tí ì bá parí sí.

Níbẹ̀ ló bọ́ ẹ̀wù Faransé. Ìparí oṣù Kẹrin ni, àsìkò tí àwọn àgbẹ̀ ní agbègbè Brioude ń da màálù jáde kúrò nínú ilé tí wọ́n ti lo ìgbà òtútù, lọ sínú pápá koríko.